Ẹ̀KỌ́ 12: ÌYÁ OPAL LEE FẸ̀YÌNTÌ, KÒ JÓKÒÓ

 

Ká tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ títí tó fi dàgbà, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, kí ló kù tó lè ṣe fún ìlú? Kí olúkúlùkù sọ èrò rẹ̀. Kí ẹnì kan kọ ohun tí a bá sọ sí ojú pátákó. Tí a bá kàwé tán, a ó padà wò ó.

Ní ọ̀dọ̀ wa, olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣẹ́ ìjọba ló ń lọ sí ohun tí wọ́n ń pè ní rètrẹ́ẹ̀tì. Àwa ń pè é ní ìfẹ̀yìntì. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò ní ìwé tó ń sọ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì fún wọn, ara ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé ẹni tó bá ti fẹ̀yìntì, kó lọ jókòó sí ìdí ògiri, kó máa wo àwọn tó ń kọjá. Ìyá tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ lónìí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń pe àwọn orúkọ inú ẹ̀kọ́ yìí:
Opal Lee: Ópà Líì
Texas: Tẹ́sáàsì
Fort Worth: Fọ́ọ̀tì Wọ́ọ̀tì
Galveston: Gáfẹ́sítìn
Juneteenth: Júùntíìnì

1. Ta ni Ìyá Opal Lee?

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Opal Lee, ní ìlú Marshall, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1926 ni wọ́n bí i. Aláwọ̀ dúdú ni, bíi tiwa. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú Fort Worth, ní Texas kan náà.

Ní ọdún 1939, àwọn òbí rẹ̀ ra ilé kan ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Annie. Àdúgbò àwọn òyìnbó ni. Àwọn òyìnbó náà kò fẹ́ kí ẹbí aláwọ̀ dúdú máa gbé láàárín wọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, wọ́n kóra jọ síwájú ilé náà. Wọ́n tó bí 500. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn òbí Opal kó ọmọ wọn sá lọ. Àwọn èèyàn náà wọlé, wọ́n ba ẹrù jẹ́, wọ́n sì dáná sun ilé. Ọmọ ọdún 12 ni Opal nígbà náà.

Àwọn òbí rẹ̀ tún ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilé mìíràn níbòmíràn. Ilé ti òpópónà Annie, wọn ò padà síbẹ̀ mọ́.

Opal dàgbà, ó lọ́kọ, ó bí ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ ara wọn mọ́, ó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1953, ó gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Wiley, ó sì di olùkọ́ àwọn ọmọdé ní Fort Worth. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi í sí iṣẹ́ mìíràn. Tí ọmọ kan kò bá wá sí ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń lọ sílé ọmọ náà, kó lè mọ ohun tó dè é mọ́lé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ ilé ọ̀pọ̀ aláìní. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ebi àti àìnílé ń ṣe fún ọmọ.

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tó tó bí ẹni 50 ọdún, ó fẹ̀yìntì. Níbi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ti ń parí, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ọjọ́ kan sọ́kàn o: ọjọ́ 19 oṣù kẹfà. A ó tún pàdé rẹ̀.

2. Ìròyìn tó pẹ́ ní ọdún méjì àbọ̀

Gbogbo wa la mọ ìtàn òwò ẹrú. Láti etíkun wa níbí, ní Gléhùé tí àwọn Faransé ń pè ní Ouidah, ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sọdá òkun. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó èèyàn bí 110 láti Gléhùé lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá wà nínú wọn. Nítorí náà, ìtàn tí a ń kà yìí kì í ṣe ìtàn àjèjì.

Ní Texas, àwọn ẹrú ló ń gbin òwú. Àwọn ló ń ká a, àwọn ló ń rù ú. Owó òwú náà kì í dé ọwọ́ wọn.

Ní ọdún 1861, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù ń jà torí wọ́n fẹ́ máa ní ẹrú lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1863, Ààrẹ Abraham Lincoln gbé ìwé kan jáde. Ìwé náà sọ pé gbogbo ẹrú tó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jà ti di òmìnira.

Texas wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ṣé wọ́n tú àwọn ẹrú Texas sílẹ̀ lọ́jọ́ náà? Rárá o. Kì í ṣe pé kò sí olówó ẹrú kankan tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́, wọ́n sì dákẹ́. Ọmọ ogun ìjọba kò tíì pọ̀ ní Texas tí yóò mú wọn ṣe ohun tí ìwé sọ. Àwọn ẹrú fúnra wọn, wọn kò jẹ́ kí wọ́n kàwé. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìhà gúúsù, òfin pàápàá ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé. Ìwé òmìnira wà, iṣẹ́ ẹrú sì ń lọ lójoojúmọ́.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865 ni ọ̀gágun Gordon Granger dé ìlú Galveston pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Ó gbé àṣẹ jáde pé gbogbo ẹrú ti di òmìnira. Èèyàn bí 250,000 ló wà ní oko ẹrú ní Texas nígbà náà. Láti ọjọ́ tí Lincoln ti kọ̀wé títí di ọjọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì àbọ̀. Àní ọdún méjì àbọ̀ tí èèyàn fi ṣe ẹrú lẹ́yìn tí ìwé ti sọ pé kì í ṣe ẹrú mọ́!

Láti ọdún 1866 ni àwọn aláwọ̀ dúdú Texas ti ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà. Wọ́n ń pè é ní Juneteenth. Orúkọ oṣù kẹfà àti nọ́ńbà 19 ni wọ́n so pọ̀ ní èdè wọn.

Ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira yìí gan-an ni wọ́n sun ilé àwọn òbí Opal ní ọdún 1939.

3. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìyá Opal Lee wo ìlú rẹ̀, ó wo ohun tí kò sí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ilé. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá aláìní kọ́ ilé ní Fort Worth, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Habitat for Humanity.

Èkejì, oúnjẹ. Ó bá wọn darí ilé ìkó-oúnjẹ-pamọ́ kan tí ebi kò fi ní pa àwọn aláìní ìlú. Nígbà tó yá, ó rí i pé oúnjẹ tí a ń bù fúnni nìkan kò tó. Ó ní kí wọ́n gbin oúnjẹ. Wọ́n rí ilẹ̀ lẹ́bàá odò Trinity, ilẹ̀ tó lé ní hẹ́kítà 5, nínú ìlú. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe oko náà.

Ẹ̀kẹta, ìtàn. Ó bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ tó ń kó ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú àgbègbè rẹ̀ jọ kó má bàa sọnù. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún Juneteenth. Níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1865.

Ẹ kíyè sí i: kò dá iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe. Nínú ẹgbẹ́ ló ti ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ó ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó lágbára, òun náà ń mú ọgbọ́n wá.

4. Ìrìn kìlómítà 4

Ìpínlẹ̀ Texas ti sọ Juneteenth di ọjọ́ ìsinmi láti ọdún 1980. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ìyá Opal Lee ní, òmìnira kì í ṣe ti àwọn ará Texas nìkan. Ó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ kan tí wọn yóò máa rántí rẹ̀.

Nítorí náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ó wọ bàtà, ó gbéra láti Fort Worth. Ó ń lọ sí Washington, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà wà. Ẹni ọdún 89 ni. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 2,000. Ó tó bí ẹni lọ láti Kutonu dé Malanville lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ṣé gbogbo ọ̀nà náà ló fi ẹsẹ̀ rìn? Rárá. Ìlú tí wọ́n bá ti pè é ló ń lọ. Tó bá débẹ̀, ó máa ń rìn máìlì 2 àbọ̀, ìyẹn bíi kìlómítà 4. Kí ló dé tó fi jẹ́ 2 àbọ̀? Nítorí ọdún 2 àbọ̀ tí ìròyìn òmìnira fi pẹ́ ni. Bí àwọn èèyàn bá rí ìyá àgbà tó ń rìn, wọ́n á bi í léèrè. Bí wọ́n bá bi í, á ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di ìwé tí gbogbo èèyàn lè kà.

Ó dé Washington ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ó ti pé ẹni ọdún 90. Ṣé wọ́n ṣe òfin náà lọ́jọ́ náà? Wọn ò ṣe é. Ọdún 2017 kọjá, 2018 kọjá, 2019 náà kọjá. Ìyá kò dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e kọ ìwé ìbéèrè sí ìjọba. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn fọwọ́ sí i. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 2020, ọlọ́pàá kan pa aláwọ̀ dúdú kan, George Floyd, ní ìlú Minneapolis. Èèyàn tú jáde káàkiri Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ tí kò gbọ́ orúkọ Juneteenth rí wá ń bèèrè rẹ̀. Èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ìyá yìí lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí òfin náà. Juneteenth di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìyá Opal Lee wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni ọdún 94. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 2024, Ààrẹ náà tún fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí Ààrẹ Amẹ́ríkà ń fún ará ìlú. Wọ́n ń pè é ní ìyá àgbà Juneteenth.

5. Ilẹ̀ òpópónà Annie

Ìtàn náà kò tíì parí. Ìyá yìí kò gbàgbé ilé tí wọ́n sun. Nígbà tó ti darúgbó, ó wádìí ẹni tó ni ilẹ̀ náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ilé fún aláìní, tí òun náà ti bá ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ló ni ín. Ó ní òun fẹ́ rà á. Wọ́n ní àwọn kò ní tà á fún un, àwọn á fi ta á lọ́rẹ ni. Dọ́là 10 péré ni wọ́n gbà, kí ìwé ilẹ̀ lè pé.

Wọ́n kọ́ ilé tuntun síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni ọdún 97 ni. Ó ti lé ní ọdún 80 tí wọ́n ti lé e kúrò lórí ilẹ̀ náà.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà kó tó rí i gbà. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé, kò sì tijú láti bèèrè.

6. Kí ni a rí kọ́?

Ìkíní: Iṣẹ́ oṣù ló ń parí, ọgbọ́n kì í parí. Ohun tí Opal Lee ṣe ní ẹni ọdún 90, ó ti kọ́ ọ nígbà tó ń lọ láti ilé dé ilé nítorí àwọn ọmọ. Ìyá tó ti gbẹ̀bí fún 30 ọdún, ẹni tó ti ta ọjà láti Kétu dé Àjàṣẹ́, bàbá tó mọ ààlà oko gbogbo: ìwé ni gbogbo wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà náà ní láti wà lọ́jà o! Tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, orí ọmọ á wọ́.

Ìkejì: Ìròyìn tó pẹ́, àdánù ni. Wọ́n lè kéde iye owó kílò òwú kan. Bí àgbẹ̀ kò bá gbọ́, tí kò lè ka ohun tí òṣùwọ̀n sọ, ta ló máa jèrè? Wọ́n lè dá ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ. Bí ìyá bá gbọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ ti pàdánù. Òfin lè fún opó ní ẹ̀tọ́ kan. Bí kò bá sí ẹni tó kà á sí i létí, ó dà bí ẹni pé òfin náà kò sí. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀wé lára wa kò gbọdọ̀ fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sínú àpò. Kó kà á fún ìyá rẹ̀, kó kà á fún aládùúgbò.

Ìkẹta: Gbígbọ́ nìkan kò tó. Àwọn olówó ẹrú gbọ́, wọ́n dákẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè bèèrè rẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, láìsí ìjà.

Ìkẹrin: Ibi tí agbára rẹ mọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kìlómítà 2,000 pọ̀ jù fún ẹni ọdún 89. Kìlómítà 4 kò pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wa ń fi ẹsẹ̀ rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí oko. Ohun tó sọ ọ́ di ńlá ni pé ó ń tún un rìn, ó sì ń sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ TÓ YẸ KÁ MỌ̀

Ìfẹ̀yìntì: ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí.
Ogun abẹ́lé: ogun tí àwọn ará orílẹ̀-èdè kan ń bá ara wọn jà.
Fọwọ́ sí ìwé: kí èèyàn kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé láti fi hàn pé ó gbà.
Ìwé ìbéèrè: ìwé tí èèyàn púpọ̀ kọ sí ìjọba láti tọrọ ohun kan.
Ẹ̀tọ́: ohun tó jẹ́ tiwa, tí òfin fún wa.

ÌBÉÈRÈ

1. Iṣẹ́ wo ni Opal Lee ń ṣe kó tó fẹ̀yìntì?
2. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Galveston ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865?
3. Kí ló dé tó fi ń rìn máìlì 2 àbọ̀, tí kì í ṣe 1 tàbí 5?
4. Àwọn olówó ẹrú gbọ́ ìròyìn, àwọn ẹrú kò rí òmìnira. Kí ló fà á? Ẹ sọ ìdí méjì.
5. Ìròyìn wo ló ti pẹ́ kó tó dé abúlé wa rí? Ta ló pàdánù?

ÌṢIRÒ

1. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1863 dé ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 1865, ọdún mélòó àti oṣù mélòó ni?
2. Tí Ìyá Opal Lee bá rin kìlómítà 4 ní ìlú kan, kìlómítà mélòó ni yóò rìn ní ìlú 7?
3. Wọ́n sun ilé ní ọdún 1939. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun ní ọdún 2024. Ọdún mélòó ló wà láàárín wọn?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Kí olúkúlùkù lọ bá àgbà kan ní agbo ilé rẹ̀, obìnrin tàbí ọkùnrin. Ẹ kí i dáadáa. Ẹ bi í ní ohun kan tó mọ̀ tí àwọn ọmọ ilé kò mọ̀: ewé kan, ààlà kan, ìtàn kan, bí wọ́n ṣe ń re aṣọ. Ẹ kọ ọ́ ní ìlà márùn-ún. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí i létí, kó lè tún un ṣe níbi tó bá yẹ. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó ka gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó wo ohun tí a kọ sí pátákó lónìí, ká mọ̀ bóyá èrò wa ti yí padà.

Ìdáhùn ìṣirò: 1. Ọdún 2 àti oṣù 5. 2. Kìlómítà 28. 3. Ọdún 85.